Ìpè Kan Nínú Igbó Ọ̀nà Isuada

Àwọn tí kò mọ Fàsásì dáadáa máa ń pè é ní ọdẹ. Kì í ṣe ọdẹ. Kò gbé ìbọn rí láyé rẹ̀. Lagilagi ni bàbá rẹ̀, lagilagi ni òun náà, ilé wọn kò sì jìnnà sí mọ́ṣáláṣí ní àárín ìlú Ọ̀wọ̀. Ẹni tí ó bá kọjá níwájú ilé náà, òórùn pákó tútù ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Nígbà tí ó di ẹni tí eegun ẹ̀yìn ń dùn, tí kò lè fa ayùn láti àárọ̀ dalẹ́ mọ́, ó gba iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ igbó. Ẹ̀ṣọ́ ni orúkọ iṣẹ́ náà lẹ́nu àwọn tí ó ń sanwó oṣù fún un, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ ni olùkọ́, nítorí ẹ̀kọ́ ni ó ń kọ́ àwọn ọmọdé níbẹ̀.

Kò pẹ́ tí ìpínlẹ̀ Òǹdó dá dúró ni ìlú pa igbó kan mọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Isuada, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi níbẹ̀ mọ́. Wọ́n la ọ̀nà ẹsẹ̀ sínú rẹ̀, wọ́n kọ́ àtíbàbà onípákó sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì ní kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ máa kó ọmọ wá, kí wọ́n lè mọ igi àti ẹyẹ ilẹ̀ wọn. Àwọn kan ń pe ibẹ̀ ní ọgbà ẹranko, àṣìpè ni. Kò sí ẹranko kankan nínú àhámọ́ níbẹ̀. Igbó ni, ohun tí ó kù nínú igbó ńlá tí àwọn lagilagi bíi Fàsásì ti gé lọ. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé, tí àwọn ọmọ kún kíláàsì bí èèrà, lọ́rì kò yéé já wọn sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀nà tí Fàsásì ń gbà kọ́ wọn yàtọ̀. Yóò ní kí ọmọ dijú, kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa èèpo igi lára, kí ó sọ bóyá arère ni tàbí àfàrà. Yóò ní kí wọ́n dákẹ́ títí wọn yóò fi gbọ́ ẹyẹ àkókó tí ó ń sọ igi lókè. Kì í jẹ́ kí wọ́n já ewé; èyí tí ó bá ti bọ́ fúnra rẹ̀ ni wọ́n lè mú. Èdè Ọ̀wọ̀ ni ó ń sọ sí wọn, Tísà Boniface, ọmọ Àkókó tí ó ń kó kíláàsì rẹ̀ wá jù, kì í sì í lè pa á mọ́ra.

Yóò ní, "Bàbá, igbó ni. Ẹ má kọ́ wọn ní ugbó."

"Nínú ìwé yín ni ó ti jẹ́ igbó, Tísà. Ibi tí ẹ dúró sí yìí, ugbó ni."

Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín, Boniface náà á rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí Fàsásì kì í jẹ́ kí ọmọ kankan kọjá àtíbàbà láìkọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ òun nínú igbó, kí ó má dáhùn. Bàbá rẹ̀ ni ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń la pákó lápá Imeri: kì í ṣe gbogbo ohun tí ó ń pe ènìyàn nínú igbó ni ó jẹ́ ènìyàn. Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré ni Fàsásì, kò ka ọ̀rọ̀ iwin sí, ṣùgbọ́n ó mọ ìdí mìíràn tí òfin náà fi dára. Igbó máa ń tan etí jẹ. Ohùn á wá láti ọ̀tún, igi á gbé e gba òsì, ọmọ tí ó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ á sáré tẹ̀ lé e kúrò lójú ọ̀nà. Nítorí náà, "húù" nìkan ni ìpè. Ẹni tí ó bá ṣìnà, kí ó dúró sójú kan. Bí ó bá gbọ́ húù, kí òun náà ké húù, kí ó máa ké e títí wọn yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àlàyé bí igbó ṣe ń tan etí ti gùn jù fún ọmọdé. Ọ̀rọ̀ iwin ni ó ń sọ fún wọn, nítorí òun ni wọn kì í gbàgbé.

"Bí ó bá wá gbé ohùn ìyá rẹ wọ̀ ńkọ́?" ni yóò bi wọ́n, gbogbo wọn á sì pariwo pọ̀ pé àwọn kò ní dáhùn.

Ní ọdún 1981, nígbà tí òjò ti wọlé dáadáa, Boniface kó kíláàsì rẹ̀ wá ní ọjọ́ Jímọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń wá, ṣùgbọ́n ìdíje eré sísá ti gba Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà. Fàsásì mú wọn yí igbó ká láàárọ̀, ó dá wọn padà sí àtíbàbà, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ kí ìrun ní ìlú. Kò ṣe ohun tí kò yẹ. Tísà wà pẹ̀lú wọn, lọ́rì sì ti ń bọ̀ wá kó wọn.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí ń jẹ́ Ọmọ́ṣaléwá, ọmọ Margaret aránṣọ. Àkókó ni àwọn ẹbí Margaret ti wá tẹ̀dó sí Ọ̀wọ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wa katakata fún àwọn tí ń la títì ní apá Warri, kì í sì í sábà wà nílé. Ara ọmọ náà kò le. Egungun máa ń dùn ún bí òtútù bá kàn án, ìyá rẹ̀ kì í jẹ́ kí ó jáde láìwọ súẹ́tà. Tísà ti ní kí olúkúlùkù mú ewé kan dání lọ sí kíláàsì. Ewé ti Ọmọ́ṣaléwá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí àwọn yòókù ṣe ń jẹun, ó yọ́ padà lọ wá òmíràn. Ó yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀, ilẹ̀ yọ̀ ọ́, ó já sínú kòtò kan tí àwọn lagilagi ayé àtijọ́ gbẹ́ síbẹ̀, tí ẹnìkan máa ń dúró sínú rẹ̀ kí ẹnìkejì wà lókè, kí wọ́n jọ máa fa ayùn. Kòtò náà kò jìn púpọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà fi ẹsẹ̀ rọ́, kò lè gòkè.

Ìgbà tí wọ́n ń wọ lọ́rì ni wọ́n tó mọ̀ pé kò sí. Boniface kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo kíláàsì; ìpayà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rántí húù. Àwọn àgbẹ̀ Isuada gbọ́ ariwo, wọ́n sọ ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n bá wọn wá a. Òjò dé, ó rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ń dà á. Margaret sáré dé láti ìlú, tẹ́ẹ̀pù tí ó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó pe ọmọ rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi ha. Wọ́n kọjá lẹ́bàá kòtò náà lọ, wọ́n tún kọjá bọ̀. Koríko ti bò ó lójú, kò sì sí ẹni tí ó jẹ́ wọn. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ máa ṣú, àwọn kan ti ń sọ pé bóyá ọmọ náà ti jáde sí títì, tí ẹnìkan ti gbé e lọ.

Fàsásì ti gba Upenmen lọ lẹ́yìn ìrun láti bẹ àna rẹ̀ tí ń ṣàìsàn wò. Ìyàwó rẹ̀, Ṣẹ̀fíátù, ni ó pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà. Fàsásì kò sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni ó bi í.

"Kí ni wọ́n fi ń pè é?"

"Orúkọ rẹ̀ náà ni," ni Ṣẹ̀fíátù wí. Kò yé e ìdí tí ojú ọkọ rẹ̀ fi yí padà.

Nígbà tí ó dé igbó, ó bẹ gbogbo wọn kí wọ́n dákẹ́. Ó dúró sójú ọ̀nà, ó ké húù. Húù kan dáhùn, tínńtín bí ohùn òròmọdìyẹ, láti ibi tí kò jìnnà rárá sí wọn. Ó wọ inú kòtò, omi mù ún dé orúnkún, ó gbé ọmọ náà sí èjìká. Ara rẹ̀ tutù bí ara ìkòkò omi. Bí ó ṣe ń gbé e lọ bá ìyá rẹ̀, ọmọ náà fi ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀.

"Mo gbọ́ wọn, Bàbá. Ó gbé ohùn màmá mi wọ̀. N kò dáhùn."

"O káre," ni Fàsásì wí.

Wọ́n sa ipá wọn ní ọsibítù. Òtútù ti wọ egungun ọmọ náà, ó sì ti dé àyà rẹ̀. Kò bá ìyá rẹ̀ padà sílé mọ́.

Òbí kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ sí. Bí àṣà ṣe wí nìyẹn. Bàbá ọmọ dé láti Warri, wọ́n jókòó tì í. Àwọn ará ìjọ gbé ọmọ lọ, wọ́n ti Margaret mọ́ yàrá títí wọ́n fi sin ín tán. Ìlú dá Boniface lẹ́bi. Àwọn mìíràn ní bí yóò ti rí nìyẹn. Fàsásì nìkan ni ẹnikẹ́ni kò dá lẹ́bi. Ńṣe ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí àti ní ọjà, pé bí kì í bá ṣe tirẹ̀, wọn kì bá tilẹ̀ rí òkú ọmọ náà. Bí wọ́n bá ń dúpẹ́, yóò wo ilẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Margaret ni Ṣẹ̀fíátù ti ń rán aṣọ. Ó ń lọ bá a jókòó, ohun tí ó sì ń gbọ́ níbẹ̀ ni ó ń mú bọ̀ wálé. Margaret kò sunkún, kò sì jẹun. Wọ́n ti fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti padà síbi iṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, Margaret ti na ọmọ náà nítorí pé ó ya apá súẹ́tà rẹ̀, ó sì ti gbà nínú ara rẹ̀ pé ẹgba náà ni ó pa ọmọ òun. Ó ní ọmọ òun gbọ́ ohùn òun, pé ìbínú ni kò jẹ́ kí ó dá òun lóhùn. Ẹni tí ó bá bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹun, ohun kan náà ni yóò sọ fún un. Ó ti gbẹ débi pé òrùka ìgbéyàwó kò dúró lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Nígbà náà ni Fàsásì sọ ohun tí ọmọ náà sọ sí i létí fún ìyàwó rẹ̀, ó sì ní òun ń lọ sọ ọ́ fún Margaret.

Ṣẹ̀fíátù ní, "Ẹyin lohùn, Bàbá Hàmídù. Bí ó bá bọ́, ẹ kò ní lè ṣà á. Ìlú á ní ẹ̀yin lẹ pa á."

"Bí n kò bá sọ ọ́, yóò kú sórí ẹgba tí kò pa ẹnikẹ́ni."

Ọ̀sán ni ó lọ. Margaret jókòó sórí ẹní, ó fara ti ògiri. Fàsásì kò jókòó sórí àga tí wọ́n gbé fún un. Ilẹ̀ ni ó jókòó sí. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹ̀kọ́ bàbá rẹ̀, húù, ọ̀rọ̀ iwin tí ó fi ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ. Ó sọ ohun tí ọmọ sọ lórí èjìká rẹ̀. Kò fi nǹkan kan pamọ́.

"Ó mọ̀ pé ohùn mi ni?" ni Margaret bi í.

Ó lè purọ́ níbẹ̀. Ó rò ó.

"Ó mọ̀ pé ohùn yín ni. Èmi ni mo kọ́ ọ pé bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ohùn ìyá rẹ̀, kí ó má dáhùn."

Ẹnìkan ń gún nǹkan nínú odó lẹ́yìnkùlé. Wọ́n gbọ́ ọ títí ó fi dákẹ́.

"Ta ni ó ní kí ẹ kọ́ ọmọ mi pé kí ó má mọ̀ mí?"

Fàsásì dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, àgbàlagbà bíi tirẹ̀ níwájú ẹni tí ó lè bí. Margaret kò ní kí ó dìde. Nígbà tí ó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Kò bínú sí mi nígbà náà."

"Kò bínú sí yín. Ó ń retí yín ni."

"Wọn kò jẹ́ kí n mọ ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí," ni Margaret wí. "Ẹ mú mi lọ síbi tí ó jókòó sí."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n lọ. Fàsásì wà níwájú, Margaret ń tẹ̀ lé e. Omi ti fà nínú kòtò náà, ẹrẹ̀ ni ó kù. Margaret fi ọwọ́ di gbòǹgbò mú, ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sínú ẹrẹ̀ náà pẹ̀lú ìró rẹ̀. Fàsásì rìn kúrò níbẹ̀ díẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Ibẹ̀ ni ó dúró sí tí ó fi gbọ́ ẹkún náà, ẹkún tí wọ́n ti ń retí láti ọjọ́ tí ọmọ ti kú. Ó gùn. Àwọn ẹyẹ dákẹ́ fún un, lẹ́yìn náà wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Nígbà tí Margaret fẹ́ gòkè, Fàsásì na ọwọ́ sí i. Kò gba ọwọ́ náà. Gbòǹgbò ni ó tún dì mú. Nígbà tí wọ́n dé títì, ó ní kí ó má bá òun dé ìlú, Fàsásì sì dúró títí ọkọ̀ fi gbé e.

Lẹ́yìn náà ó mú ṣọ́bìrì nínú àtíbàbà, ó padà lọ sídìí kòtò. Ó ń bu yẹ̀pẹ̀ dà sí i títí ó fi dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kí ó tó kúrò níbẹ̀, ó bọ́ ẹ̀wù káàkí iṣẹ́ rẹ̀, ó fi kọ́ ìṣó lára àtíbàbà. Síńgílẹ́ẹ̀tì ni ó wọ̀ gun kẹ̀kẹ́ wọ ìlú.

Ṣẹ̀fíátù kò bi í léèrè ẹ̀wù. Ó ní òun ti ọ̀dọ̀ Margaret bọ̀, pé Margaret ní kí wọ́n po ẹ̀kọ gbígbóná fún òun.

"Ṣé ó mu ún tán?"

"Kò mu ún tán," ni Ṣẹ̀fíátù wí. "Ó mu díẹ̀."