Ìyá Akíntúndé Kò Tíì Dìde

Rárá o, Alàgbà Ọlábọ̀dé, ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ti tán. Kò tíì tán. Ẹ ní píkọ́ọ̀pù Akíntúndé ti gbó. Ta ló ní kò gbó? Ó ti rìn ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kìlómítà lọ, ó ti sú aago tó ń kà á, ó ti dákẹ́. Ẹ̀yin náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹ ṣì jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ìkórè, kò sẹ́ni tó ní ká fi yín sílé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró síbí, tẹ́ ò mọ Akíntúndé, ọmọ Oǹdó ni, àmọ́ Àkúrẹ́ ló ti ń fi píkọ́ọ̀pù oní-dísẹ́ẹ̀lì fa ọkọ̀ tó bá bàjẹ́ sọ́nà, ó ti di ọdún méjìdínlógún. Ẹ̀gbẹ́ ibi tó ń páàkì sí ni mo ti ń ta ọ́ìlì ọkọ̀. Mi ò kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì níbì kankan. Ojú àti etí ni mo fi kọ́ ọ, ẹnu mi ló ń ṣe ìyókù.

Láràárọ̀, kó tó kí ẹnikẹ́ni, ó ti wà lábẹ́ ọkọ̀. Á tú ìdí fíltà dísẹ́ẹ̀lì díẹ̀ kí omi tó bá wà níbẹ̀ jò dànù. Á wo ọ́ìlì, á wo omi rédíétọ̀, á fọwọ́ kan irin tó fi ń kọ́ ẹrù bí ẹni tó ń wò bóyá ara ọmọ gbóná. Tó bá fa ẹrù gun òkè dé, kì í pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Á jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ títí tọ́bò tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì á fi tutù, á jókòó tì í, á máa bá a sọ̀rọ̀. Ìyàwó ẹ̀ ní òun ò rí irú ìkẹ́ yẹn gbà rí.

Èyí tó ń pa wá lẹ́rìn-ín jù ni ike omi. Kò ní ra dísẹ́ẹ̀lì kó má kọ́kọ́ bu díẹ̀ sínú ike tó mọ́ gaara, kó gbé e lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó máa wò ó. Bí omi bá wà nínú ẹ̀, ìsàlẹ̀ ló máa lọ. Tó bá ti rí ìlà nísàlẹ̀ báyìí, á dá epo padà fún ẹni tó ń tà á. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é. Tó bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ bá wa wò ó, ṣé ìtọ̀ wa mọ́?”

Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Oǹdó wá ra jẹnẹrétọ̀ ńlá ní Àkúrẹ́, tó wà lórí tírélà kékeré, Akíntúndé ní òun á fà á wálé lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá. Lọ́jọ́ ìkórè, ẹ máa ń ka orúkọ àwọn tó fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn sin Ọlọ́run, ẹ á sì ní kí ìyá wọn dìde, kí gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Ìyá ẹ̀ ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, kò tíì dìde rí.

Ẹ ní ọkọ̀ ẹ̀ á dójú tì wá. Ẹ gbé iṣẹ́ fún Adélaní tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra píkọ́ọ̀pù tó ń dán.

Àárọ̀ Sátidé, Adélaní ra dísẹ́ẹ̀lì inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà. Akíntúndé na ike sí i pé kó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

“Bọ̀dá Nọ́ọ̀sì,” ni Adélaní wí, “tèmi ò ṣàìsàn.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi gan-an rẹ́rìn-ín, kí n má purọ́.

Kò pẹ́ kò jìnnà, fóònù Akíntúndé dún. Ẹ̀yin lẹ pè, Alàgbà, nítorí ẹ̀yin lẹ jókòó níwájú ọkọ̀ tuntun yẹn. Ó ti wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lórí òkè, ó sì kú. Mo ti ìsọ̀, mo fò sọ́kọ̀ Akíntúndé. Nígbà tó tú fíltà Adélaní, omi dà jáde tó èyí téèyàn lè fi bọ́jú. Ẹ rántí? Aṣọ funfun yín lẹ fi ń fẹ́ atẹ́gùn sára.

Ó kọ́ jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọkọ̀ ẹ̀, ó ki jíà kìíní, ó rọra gùn ún. Ojú ẹ̀ ò kúrò lára aago ìgbóná. Èmi ń kọrin, ẹ̀yin ń gberin lẹ́yìn, ọkọ̀ arúgbó ń kùn bí oyin. Bá a ṣe wọ Oǹdó nìyẹn. Ó tún padà lọ fi ṣéènì fa Adélaní wá. Adélaní ò gbéraga o, ó dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́, ó sì ti ra ike tiẹ̀, méjì.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ ìkórè gan-an, Mama Akíntúndé ti wé gèlè, ó ti gbọ́wọ́ lé bẹ́ǹṣì iwájú kó lè rí nǹkan dì mú dìde. Ẹ bọ́ sórí àga ìwàásù, ẹ ka “Arákùnrin Adélaní, tó fi ọkọ̀ tuntun gbé jẹnẹrétọ̀ wá.” Adélaní dìde, ó ń juwọ́ pé òun kọ́, àwọn akọrin ti gbé orin bò ó mọ́lẹ̀. Mama fà mí láṣọ.

“Péjú, ṣé wọ́n ti ka tiwa?”

Bí ìsìn ṣe parí, ẹ̀yin ni mo wá bá.

Ẹ ní wọ́n ti tẹ ìwé tí ẹ ka orúkọ nínú ẹ̀ láti Ọjọ́rú. Bíírò ń bẹ lápò yín. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ jókòó sínú ọkọ̀ tó kú, inú ọkọ̀ arúgbó lẹ wọ̀ wálé. Kí ló dé tí ẹ ò pe Akíntúndé? Ẹ dá mi lóhùn, ẹ sì dá ìyá ẹ̀ lóhùn.