Ẹni Tó Pa Ìwé Ìrìn Rẹ̀ Dé Lókè

Òtútù ni ìtàn yìí fi bẹ̀rẹ̀, òtútù náà ni yóò fi parí. Kí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ fa aṣọ mọ́ra.

Obìnrin kan wà ní Tolvik, ní ìpínlẹ̀ North Dakota, Ardith Rostad lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń tọ́jú pápá bàlúù ìlú náà. Pápá ọ̀hún kò ní ilé gogoro tí àwọn olùdarí máa ń jókòó sí, tí wọ́n á máa wo ẹni tó ń bọ̀ àti ẹni tó ń lọ. Ọ̀nà ìbalẹ̀ kan ṣoṣo ni, abà onípáànù méjì, àti ilé kékeré tí Ardith ń gbé kọfí kaná nínú rẹ̀ láti àárọ̀. Kò lọ́kọ, kò bímọ. Orrin àbúrò rẹ̀ nìkan ló ní láyé. Òun ló tọ́ ọ láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú, òun ló kọ́ ọ ní bàtà dídè, òun náà ló sunkún jù lọ́jọ́ tí Orrin di awakọ̀ bàlúù, tó ń gbé oògùn àti ẹ̀jẹ̀ àyẹ̀wò láti ilé ìwòsàn kan dé òmíràn.

Lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, kálukú a balẹ̀ ní Tolvik bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n bí kùrukùru bá ti bo ilẹ̀, tí awakọ̀ kò rí nǹkan kan àfi àwọn aago atọ́nà inú bàlúù tó wà níwájú rẹ̀, ọwọ́ àwọn olùdarí tó wà ní ìlú ńlá ló wà. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìwé ìrìn rẹ̀ ni wọ́n ń ṣí sílẹ̀ dè é. Bó bá balẹ̀, a pè wọ́n, wọ́n a pa ìwé náà dé, ọ̀nà a sì là fún ẹni tó kàn. Bí kò bá pè, wọ́n a mọ̀ pé nǹkan ti ṣe é, wọ́n a ní kí wọ́n lọ wá a.

Àwọn awakọ̀ ìhà ibẹ̀ wá ní ìwà ọmọlúàbí kan. Ẹni tó bá ti yọ lábẹ́ kùrukùru, tó fojú kan ilẹ̀, kì í dúró dìgbà tó bá balẹ̀ tán. Láti òkè ló ti ń ní kí wọ́n pa ìwé òun dé, kí ẹni tó ń yí po lókè bí àṣá lè rí ọ̀nà. Ẹni tó bá kọ̀ tí kò ṣe é, ẹnu Ardith ló ń bọ̀ wá bá.

Orrin náà ti bá a rí. Ó balẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó wọlé, ó dorí kọ ọbẹ̀ ọ̀dùnkún tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sè. Ni fóònù bá dún. Ardith gbé e, ó gbọ́, ó kọjú sí àbúrò rẹ̀.

"Orrin, ṣé o ti pa ìwé rẹ dé?"

Ṣíbí dúró sí i lẹ́nu. "Yéè!"

"Yéè kẹ̀? Èèyàn méjì ń pòòyì lókè bí eṣinṣin lórí ẹran, ìwọ ń lá ọbẹ̀! Ìwọ nìkan ni wọ́n dá ojú ọ̀run fún?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ọbẹ̀ yín ló mú mi gbàgbé."

"Ọbẹ̀ mi kọ́, ikùn rẹ ni. Ikùn tó tó agbọ̀n!"

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń yára pa ìwé dé tó Orrin. Bó bá ti rí ilẹ̀ fìrí báyìí, ó ti pa á. Lẹ́yìn náà ni yóò pè sórí rédíò inú ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti pa á o! Ẹ gbé ọbẹ̀ kaná!" Ardith a rẹ́rìn-ín, a bú u, a sì gbé ọbẹ̀ kaná.

Ó di ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní. Janelle, ìyàwó àgbẹ̀ kan, bímọ nílé, ẹ̀jẹ̀ kọ̀ kò dá. Yìnyín ti dí ọ̀nà ìlú ńlá pa, nítorí náà wọ́n gbé e wá sí pápá kí bàlúù aláìsàn lè wá gbé e. Ardith fi katakata ro yìnyín kúrò lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ro ó ni òmíràn ń bọ́, wẹ́wẹ́ bí ìyẹ̀fun, tí gbogbo ilẹ̀ tún funfun. Ó wọlé lọ jókòó ti rédíò. Ó mọ̀ pé Orrin náà wà lọ́nà. Rédíò kò sọ nǹkan kan. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé wọ́n ti jẹ́ kí bàlúù aláìsàn kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ ni, pé Orrin ń dúró lókè. Ohun tó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí ohun tó já a láyà.

Bàlúù aláìsàn yọ láti inú kùrukùru, ó balẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin tó wà á, Tamsin, bọ́ sílẹ̀, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọwọ́ rẹ̀ bí àwọn nọ́ọ̀sì tó bá a wá ṣe ń gbé Janelle wọ inú bàlúù.

"Màmá, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn. Bí kì í bá ṣe pé ó tètè fún wa lọ́nà ni, à bá ṣì wà lókè."

"Ọkùnrin wo?"

"Ẹni tó ṣáájú wa. Ó ní òun ti rí ilẹ̀, kí wọ́n pa ìwé òun dé, torí bàlúù aláìsàn ń bọ̀ lẹ́yìn."

Ardith yíjú. Ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ ló ń wò. Ipa táyà bàlúù kan ṣoṣo ló wà lórí yìnyín láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ti Tamsin ni. Tamsin náà tẹ̀ lé ojú rẹ̀, ó wò ó, ètè rẹ̀ sì funfun.

"Bóyá ó ti..."

"Kò balẹ̀ síbí."

Tamsin wo Janelle. Aṣọ tí wọ́n fi bò ó ti pupa láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀. "Màmá, mi ò lè dúró."

"Mo mọ̀. Gbé e lọ. Èwo lò ń wò mí fún? Gbé e lọ!"

Bí bàlúù náà ṣe gbéra ni Ardith ti di fóònù mú.

"Ìyá, ìwé ọkùnrin yẹn ti wà ní pípa dé," ni olùdarí tó gbé e lọ́hùn-ún ní ìlú ńlá wí. "Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká pa á."

"Òkè ló wà tó fi sọ bẹ́ẹ̀! Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kan ilẹ̀!"

"Ó lè ti gba pápá mìíràn lọ. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pe àwọn pápá tó kù wò. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Ẹ máa pè wọ́n. Kí ẹ tó pè wọ́n tán, ọmọ yẹn á ti gan."

Ẹni náà kì í ṣe ìkà. Ó kàn jẹ́ pé ẹni tí ìwé bá ti sọ pé ó ti délé, ta ni yóò tún gbé àtùpà wá a?

Ardith sáré lọ bá Gunder Lokken, aládùúgbò rẹ̀ tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń gùn lórí yìnyín.

"Inú oko òdòdó sunflower ni ká ti bẹ̀rẹ̀," ni Gunder wí.

"Rárá. Àbàtà rẹ ni. Ibẹ̀ ni kùrukùru máa ń sùn sí. Yóò là fún ọ díẹ̀, o ó rí ilẹ̀, kí o tó dé ibẹ̀ á tún ti pa dé mọ́ ọ lójú."

"Ardith, àbàtà yẹn fẹ̀."

"Tìrẹ ni, àbí tèmi? Wa ọkọ̀ jàre!"

Wọn kò rí ju ìmú ẹ̀rọ wọn lọ. Wọ́n ń pè, wọ́n ń dúró, wọ́n ń fetí sílẹ̀. Esùsú gbígbẹ nìkan ló ń dá wọn lóhùn. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí Gunder fi orúnkún kọ lu ìyẹ́ bàlúù tó ya sọ́tọ̀.

Orrin kò kú sínú bàlúù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ṣẹ́, síbẹ̀ ó ti wọ́ jáde. Ó fa tìmùtìmù ìjókòó yọ, ó jókòó lé e, ó fẹ̀yìn ti táyà, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá. Ó kọjú sí ọ̀nà pápá. Ardith bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ki ọwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n àbúrò rẹ̀. Ìwọ̀nba ooru díẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, bí ooru ara ìkòkò tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ lórí iná.

"Gunder, kò tíì pẹ́ tó kú."

"Má sọ ọ́."

"Kò tíì pẹ́ rárá!"

"Ardith, mo ní má sọ ọ́."

Kùrukùru sún díẹ̀. Láti ibi tí Orrin jókòó sí, iná ojú fèrèsé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ hàn kedere.

Janelle kò kú. Nígbà tí yìnyín yọ́, òun àti ọkọ rẹ̀ gbé ọmọ wá, wọ́n gbé oúnjẹ sínú àwo tí wọ́n fi aṣọ bò, bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe máa ń ṣe fún ẹni tó ṣọ̀fọ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ sọ ọmọ náà ní Orrin.

Ardith gbé ọmọ náà lọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́. "Ẹ ṣeun. Ẹ má fi pè é. Mi ò fẹ́ máa pe orúkọ yẹn kí ẹlòmíràn máa dá mi lóhùn."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó gbé àwo oúnjẹ náà fún ajá Gunder.

Láti ìgbà náà, ẹ̀rù wọ àwọn awakọ̀ Tolvik. Kò sẹ́ni tó tún ń pa ìwé dé lókè mọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn a yí po títí, epo wọn a máa tán lọ, wọ́n a ṣẹ́rí padà pẹ̀lú aláìsàn wọn. Kò sẹ́ni tó bá wọn wí. Ardith tó máa ń bú wọn kò ní èébú kankan lẹ́nu mọ́.

Nígbà tó di òtútù ọdún kejì, kùrukùru tún bolẹ̀. Ohùn Tamsin jáde lórí rédíò. "Màmá, mo rí ilẹ̀. Ẹnì kan wà lókè lẹ́yìn mi, ó gbé ọmọdé, epo rẹ̀ kò pọ̀. Kí n pa á dé ni?"

Ardith na ọwọ́ sí rédíò, ó tún fà á padà. Tamsin tún pè.

Ardith dìde. Ó gbé ẹ̀wù òtútù Orrin wọ̀, èyí tó pọ́n bí ọsàn, ó mú rédíò kékeré, ó lọ dúró ní ìpẹ̀kun ọ̀nà ìbalẹ̀, ní ìhà àbàtà.

"Má wo ilẹ̀. Ilẹ̀ ń purọ́. Ṣé o rí èmi?"

"Rárá, Màmá."

"Má pa á."

Afẹ́fẹ́ ń gbá a lójú. "Ní báyìí ńkọ́?"

"Mo rí yín! Mo rí ẹ̀wù yín!"

"Pa á dé."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é títí dòní nìyẹn. Bí kùrukùru bá ti dé, Ardith a jáde. Òtútù ti gba ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì, àyà rẹ̀ sì ń hó bí kẹ́tùlù. Gunder sọ fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, "Arúgbó yìí, òtútù ni yóò pa ọ́."

"Ta ló kù tó fẹ́ pa?"

Bí bàlúù bá sì ti balẹ̀, kì í tètè wọlé. Yóò kọ́kọ́ rìn lọ sójú ọ̀nà, yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò fi ọwọ́ kan ipa táyà lórí yìnyín.