Ọwọ́ Bunrye Nínú Ìwé Ìran Hwang

Ẹni tó bá fẹ́ rí òjòwú, kó wá sí abúlé wa ní Andong, nílẹ̀ Korea, kó béèrè ilé Bunrye. Kì í ṣe orogún ló ń bá jowú o, ìwé ni.

Èmi àti ẹ̀ la jọ ń ṣe kimchi, ẹ̀fọ́ tí a fi iyọ̀ àti ata pa mọ́, lọ́dọọdún, mo mọ inú rẹ̀. Láti ìgbà tó ti fẹ́ Hwang, àrólé ìdílé wọn, òun ló ń gbé àpótí ìwé ìran wọn, ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn baba ńlá wọn sí, sóòrùn lẹ́yìn òjò. Àpótí nìkan o! Ìwé inú rẹ̀, ọwọ́ ìyàwó kò gbọdọ̀ kàn án.

Àfi bí ilé ìkówèésí ṣe rán Seryeong wá, ọmọdébìnrin tó wọ jíǹsì, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àwòrán ìwé ogbó. Pákó méjì fara kanra nísàlẹ̀ bí ìwé tí a ṣí díẹ̀, tìmùtìmù wà lórí wọn kí ẹ̀yìn ìwé má bàa ya, kámẹ́rà sì wà lókè. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ kó tó ya àwòrán. Hwang fọwọ́ méjèèjì gbé ìwé lé ọmọ náà lọ́wọ́, ó tún tẹrí ba.

Ara Bunrye ta. Ọbẹ̀ tútù ló gbé fún ọmọ ọlọ́mọ lọ́sàn-án.

Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀: "Bàbá Sangho, ṣé ẹ̀tẹ̀ wà lọ́wọ́ mi ni? Ìwé rí tìmùtìmù sùn lé, èmi tí ẹ̀yìn ń dùn ńkọ́?"

"Ìyá Sangho, iṣẹ́ ọmọ yẹn ni. Má dójú tì mí."

"Ojú wo lẹ ní tó fẹ́ tì yín?"

Seryeong gbọ́. Ó ní ojú ìwé kan ń ká kò, òun ń fẹ́ ẹni tí yóò bá òun di etí rẹ̀ mú, ọwọ́ Bàbá sì ń gbọ̀n. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kí ẹ wá." Kí Hwang tó lanu, Bunrye ti dé ìdí omi.

"Níbo lèmi wà níbẹ̀?" ló bi ọmọ náà.

"Orúkọ Bàbá rèé. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ yín sí: 'ìyàwó, ọmọ ìdílé Kwon'."

"Bunrye ńkọ́?"

"Kò sí i, mà."

"Bí wọ́n ṣe ń kọ gbogbo ìyàwó nìyẹn," Hwang dá sí i.

Bunrye kò jowú ọmọ náà mọ́, gbogbo ọkùnrin ìdílé Hwang tí orúkọ wọn pé ló wá ń jowú. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé ojú ìwé náà, ó fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ. Kámẹ́rà kọ mànà.

"Pa á rẹ́!" Hwang pariwo.

"Kó pa á rẹ́," Bunrye fèsì. "Àmọ́ tó bá di Ọjọ́ ìrántí àwọn baba yín, kí ẹ wọ ilé ìdáná, kí ẹ se oúnjẹ wọn fúnra yín."

Hwang wo ọwọ́ tó hunjọ lójú ẹ̀rọ náà, ó wò ó pẹ́.

"Tún ya òmíràn," ló sọ fún Seryeong. "Ìyẹn, fi í sílẹ̀, má pa á rẹ́."