Epo Pupa Nínú Ẹ̀rọ Omi Ẹja

Mo ṣì ń gbọ́ ohùn ẹ̀rọ kékeré náà: kùrùkùrù, kùrùkùrù, bí ológbò tó yó. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, mo sì ń ṣe tíṣà ní ilé-ìwé kan ní Ẹ̀fọ̀n. Mo gbé àpótí gíláàsì kan síwájú kíláàsì, mo kó ẹja èpìyà márùn-ún sínú rẹ̀, kí àwọn ọmọ lè fojú ara wọn rí bí ẹja ṣe ń mí. Bátìrì mọ́tò ló ń mú ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́, òun ló ń fa omi sókè, tó sì ń dà á padà kí ẹja lè rí afẹ́fẹ́ mí.

Ọ̀gá ilé-ìwé wa kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. “Tíṣà, ẹja tí ẹnikẹ́ni kò ní jẹ, kí là ń tọ́jú rẹ̀ fún? Ọjọ́ tí ẹ̀rọ yẹn bá dákẹ́, ọ̀dọ̀ ìyá alásè ni wọ́n ń lọ.”

“Kò ní dákẹ́, sà.”

Gbogbo Sátidé ni mo ń tú u, tí mo ń fi ìyẹ́ adìyẹ gbá ìdọ̀tí inú rẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí òróró maṣíìnì tán lọ́wọ́ mi, èmi ọ̀mọ̀wé kán epo pupa sídìí ọ̀pá tó ń yí. Ṣebí epo ni epo ń jẹ́.

Ọyẹ́ dé. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, ẹ̀rọ dákẹ́. Mo pààrọ̀ bátìrì, pàbó. Ọ̀gá yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti rán ìyá alásè níṣẹ́. Mo mú igbá, mo ń bu omi, mo ń dà á padà láti òkè, títí apá mi fi kú tipiri.

Ìyá alásè gbé abọ́ dé. Ó wo ẹ̀rọ tí mo tú sílẹ̀, ó fìka kàn án, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Tíṣà, epo pupa! Ṣé nínú ulé ìwé yín, epo kì í dì lọ́yẹ́ ni?”

Obìnrin tó ń gbé ìgò epo sẹ́bàá iná láràárọ̀ kí epo lè yọ́, kí ó tó lè se ọbẹ̀! Omi gbígbóná ló fi abọ́ tó gbé wá kó ẹja bù wá. A fọ epo dídì náà kúrò, mo to ẹ̀rọ náà padà. Kùrùkùrù.

Nígbà tí ọ̀gá padà dé, ó bi ìyá alásè pé, “Ẹja dà?”

“Wọ́n ń mí, sà.”

Mo ti darúgbó báyìí. Àpótí ẹja mìíràn wà ní pálọ̀ mi, àwọn ọmọ mi sì ń sọ pé kí n jù ú nù, ariwo rẹ̀ pọ̀. Sátidé tó kọjá, mo tún fi ìyẹ́ adìyẹ gbá inú ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹni tó bá ń retí kí ó dákẹ́ yóò dúró pẹ́.