Ọ̀pá Kẹta

Òórùn èèpo kajú tí iná ń yan kì í kúrò lára aṣọ bọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ti gba Savalou kọjá lásìkò rẹ̀, ẹ ó mọ̀ ọ́n: ó ń ta bí ata, ó sì nípọn bí epo. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé òórùn yẹn wálé sí Bantè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yan kajú. Iṣẹ́ mi kò ju pé kí n máa wo òṣùwọ̀n ooru ààrò ní wákàtí-wákàtí, kí n kọ ọ́ sínú kàyé, ìwé àkọsílẹ̀ mi.

Ọ̀pá irin mẹ́rin ló gbé agbọ̀n irin ńlá kan kọ́ sókè iná nínú ààrò náà. Orí àwọn ọ̀pá yọ síta lókè, nọ́ọ̀tì sì dì wọ́n mú níbẹ̀. Obìnrin méjì máa ń dúró lẹ́nu ààrò láti ro kajú inú agbọ̀n. Ọ̀kan nínú wọn, ará Tchetti, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, kì í yé kọrin. Bí agbọ̀n bá dojú dé, òróró gbígbóná inú èèpo ni yóò dà lé wọn láyà. Gbogbo wa la mọ̀. A kì í sọ ọ́.

Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, mẹkaníìkì wa á gun àkàbà. Bí igun kan bá ti rẹlẹ̀, á fi sípánà yí nọ́ọ̀tì rẹ̀ títí agbọ̀n á fi dọ́gba. ‘Ó ti tò,’ ni yóò wí. Ó tò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo ti ń ka ìlà tó lọ́ yí ara ọ̀pá kẹta ká, àwọn tó ń yọ lókè nọ́ọ̀tì bó ṣe ń yí i, mo sì ń kọ wọ́n sínú kàyé. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀pá náà síbẹ̀, ìlà mẹ́rin ló yọ. Lẹ́yìn náà ó di ẹyọ kan lóṣù, fún odindi ọdún kan. Lẹ́yìn náà, ẹyọ kan lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà, méjì. Ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Bí mo bá jókòó, mo fẹ́ dìde, bí mo bá dìde, n kò mọ ibi tí mo ń lọ.

Àbúrò mi ọkùnrin ń kọ́ nípa irin ní yunifásítì nígbà náà. Ọjọ́ Àìkú kan tó wá sílé bàbá wa ní Akpassi, ní agbègbè Bantè, mo gbé kàyé tọ̀ ọ́ lọ. Ó ní irin tó bá gbé ẹrù nínú ooru a máa nà, bí ẹrù náà kò tilẹ̀ pọ̀ sí i. Ó ní abẹ tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú, níkẹ́ẹ̀lì tí wọ́n pò mọ́ mẹ́táàlì mìíràn ni. Wọ́n á dà á kí ó lè jẹ́ kírísítálì ẹyọ kan ṣoṣo, bí hóró iyọ̀ kan, láìsí ojú ìsopọ̀ kankan nínú rẹ̀.

‘Ìyẹn gan-an ń nà, ẹ̀gbọ́n mi. Áḿbọ̀sì tiyín, tó dà bí iyọ̀ tó dì pọ̀.’

‘Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n yọ ọ́?’

‘Wọ́n ń wọ̀n ọ́n ni. Yóò kọ́kọ́ yára nà, yóò wá fara balẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọjọ́ tó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ẹ má bá a jiyàn.’

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sọ fún ṣẹ́ẹ̀fù, ọ̀gá wa. Ó bú sẹ́rìn-ín. ‘Ìyá Oníkàyé, irin kì í ṣe ọmọ tó ń dàgbà! Ṣé agbọ̀n ò dọ́gba ni?’ Àsìkò kajú ni, kò sẹ́ni tó fẹ́ pa iná. Mo lọ bá mẹkaníìkì nídìí àkàbà, mo ní kó jọ̀wọ́, kó má yí nọ́ọ̀tì lọ́sẹ̀ yẹn, kí gbogbo ojú lè rí i. Ó ti sípánà bọ àpò. ‘Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ o.’

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ará Tchetti dá orin dúró. ‘Ìyá Oníkàyé, ṣé agbọ̀n yìí mutí ni? Kajú ń yí lọ síbì kan.’ Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo sì kọ ooru sílẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, igun náà ti rẹlẹ̀ débi pé ṣẹ́ẹ̀fù fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n pa iná. Nígbà tí wọ́n yọ ọ̀pá náà, ibì kan lára rẹ̀ ti tín-ín-rín bí ọrùn ẹyẹ. Mẹkaníìkì fi òòlù kàn án lẹ́ẹ̀kan péré, ó já sí méjì.

Wọ́n yìn mí. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi mí ni ìdí tí n kò fi sọ fún àwọn obìnrin méjèèjì. Ẹ̀rù ló bà mí pé bí mo bá sọ, wọn á sá, iṣẹ́ á dúró, wọ́n á tún nọ́ọ̀tì yí, èmi ni n ó sì di òpùrọ́. Ẹ̀rí ni mò ń wá; àyà wọn ni mo fi wá a, fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, mo sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Títí dòní, bí ará Tchetti bá rí mi, yóò kúnlẹ̀ láàárín ọ̀nà. ‘Ìyá mi, Ọlọ́run ló rán yín sí wa.’ Mo ti la ẹnu láti sọ fún un ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo mọ̀ nísinsìnyí pé ènìyàn lè ka nǹkan pé láìṣì í kà, kí òun fúnra rẹ̀ má sì jẹ́ olóòótọ́. Àmín ni mo máa ń ṣe, n ó sì ní kó dìde.