Bíréèkì fún Òkè Ẹ̀fọ̀n

Nínú gbogbo ọmọ ilé wa ní Olówógbowó, èmi ni wọ́n máa ń sọ pé ìdí mi kì í gbé àga. Bí mo bá jẹun, mo ti dìde kí wọ́n tó kó àwo. Bí a bá kírun Jímọ̀ tán, bàtà tèmi ló máa ń kọ́kọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Orí kẹ̀kẹ́ nìkan ni ara ti máa ń tù mí, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni ènìyàn ti lè jókòó kó sì tún máa lọ.

Kẹ̀kẹ́ ni bàbá mi ń tún ṣe, ní ìsàlẹ̀ ilé wa gan-an, lábẹ́ àtíbàbà páànù. Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé búrẹ́dì, àwọn alápatà, àwọn mẹ́séńjà tó ń ṣiṣẹ́ ní Màrínà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń wá. Ó ní àṣà kan tí gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó mọ̀ mọ́ ọn. Bí o bá gbé kẹ̀kẹ́ fún un, ohun àkọ́kọ́ tí yóò ṣe ni pé yóò tú bíréèkì rẹ̀, yóò dì í sínú bébà, yóò sì dá a padà fún ọ. Ó ní iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń mú un dípẹtà, pé iyanrìn ń há sí i, pé ó sì ń họ ríìmù.

"Èkó tẹ́ pẹrẹsẹ," ló máa ń wí. "Kí lo fẹ́ fi bíréèkì ṣe? Ẹsẹ̀ ẹ ńkọ́?"

Ẹsẹ̀ náà ni gbogbo wa fi ń dúró. A ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn, a ó gbé àtẹ́lẹ̀ bàtà lé táyà, a ó rọra tẹ̀ ẹ́, kẹ̀kẹ́ á sì dúró. Ẹni tó bá wo bàtà wa á mọ̀ pé oníbàárà bàbá mi ni wá, torí pé bàtà ọ̀tún ti máa ń jẹ tán kí ti òsì tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. A kì í kà á sí nǹkan kan. Àwa tiẹ̀ máa ń fi ẹni tó ní bíréèkì ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojo ni.

Àṣà yìí náà ló lé ìyá mi kúrò nílé. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni ìyá mi, ìlú tó wà láàárín òkè àti igbó. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wá kí wa ní Èkó, bàbá mi sì ta á lọ́rẹ kẹ̀kẹ́ kan tó tò fúnra rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà ń dán, ṣùgbọ́n kò ní bíréèkì. Ìyá mi ní kó jọ̀ọ́ fi bíréèkì sí i, pé òkè ló wà nílé àwọn. Bàbá mi bi í pé ta ló ń kọ́ òun níṣẹ́. Kò pẹ́ tí àbúrò ìyá mi padà sílé tó ń gun kẹ̀kẹ́ náà sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, níbi kọ́nà kan tí adágún omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ táyà títí, kẹ̀kẹ́ kò dúró. Ó ṣubú, itan rẹ̀ sì ṣẹ́. Nígbà tí ìròyìn dé Èkó, bàbá mi ní kò mọ kẹ̀kẹ́ gùn ni. Ìyá mi kò bá a jà. Ó di ẹrù rẹ̀, ó ní òun ń lọ tọ́jú àbúrò òun, a kò sì rí i mọ́.

Ó ti ju ọdún kan lọ tó ti lọ kí ọ̀rọ̀ yìgì ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó délẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní bí ìyá òun kò bá sí níbẹ̀, òun kò ní jáde síwájú ààfáà kankan. Àwọn àgbà ilé háyà mọ́tò lọ sí Ẹ̀fọ̀n, wọ́n rojọ́ títí ẹnu wọn gbẹ. Ìyá mi gbọ́ oúnjẹ fún wọn, ó sìn wọ́n dé ìdí mọ́tò, ó kí wọn pé ó dàbọ̀. Ọjọ́ Sunday tó ń bọ̀ ni yìgì. Mo ní èmi á lọ, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Èmi tí n kì í jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ parí, ọ̀rọ̀ wo ni mo fẹ́ lọ bá ẹnikẹ́ni sọ? Ìgbà tí mo ní orí kẹ̀kẹ́ ni mo máa gbà lọ ni wọ́n wá rẹ́rìn-ín dáadáa.

Àárò ìyá mi ń sọ mí, kò sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ ẹsẹ̀ mi náà ń yún mi. N kò lè fojú inú wo ara mi nínú ọkọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí n ó ká ọwọ́ gbera, pẹ̀lú irú ọ̀rọ̀ yẹn nínú mi.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí mo máa lọ, mo sọ̀ kalẹ̀ wá bá bàbá mi lábẹ́ àtíbàbà, ó tẹ̀ba lórí kẹ̀kẹ́ mi. Ó ti fi bíréèkì sí i níwájú àti lẹ́yìn, tuntun, rọ́bà rẹ̀ dúdú kirikiri. Ojú tì mí. Mo rò ó pé àwọn ọ̀rẹ́ mi á rí i kí n tó kúrò ládùúgbò.

"Bàbá, kí lèyí? Mi ò fẹ́ ẹ."

"Fi sílẹ̀."

"Ẹ̀yin náà lẹ ń sọ pé…"

"Mo ní o fi sílẹ̀."

Mo bi í pé kí ni kí n sọ fún Màámi. Ó fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún pẹ́. "Kí màmá ẹ," ló wí, ó sì wọlé lọ. Mo ní ọjọ́ ogbó ti dé sí bàbá yìí.

Nítorí pé ọjọ́ yìgì ti sún mọ́, ọkọ̀ ló gbé èmi àti kẹ̀kẹ́ dé Ìbàdàn, ibẹ̀ ni mo ti gùn ún. Mo sáré jáde nílùú bí ẹni tí wọ́n ń lé. Lójú ọ̀nà Ifẹ̀, mo dé ibi tí ìjọba ti sé odò, tó ti di adágún gbalasa, tí àwọn igi tó kú sínú omi ṣì nàró láàárín rẹ̀. Mo dúró wò ó, inú bí mi. Omi tí mo mọ̀ ní Èkó máa ń gbé nǹkan lọ ni, ọkọ̀ ojú omi, òṣíbàtà, ìdọ̀tí ọjà. Eléyìí kàn jókòó sójú kan. Mo gun kẹ̀kẹ́ mi, mo kúrò níbẹ̀.

Mo sùn ní mọ́ṣáláṣí kan ní Iléṣà. Lọ́jọ́ kejì ni òkè bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Ọmọ Èkó ni mí, afárá ni òkè tó ga jù tí mo ti gùn rí. Mo rò pé bí mo bá sáré sí i, yóò tán kíákíá. Kò tán. Igbó wà lọ́tùn-ún, igbó wà lósì, igi kòkó àti igi obì, ọ̀nà sì ń lọ́ gòkè bí ejò. Àyà mi ń lù kìkì. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń ti kẹ̀kẹ́, mo ń bínú sí bàbá mi, mo ń bínú sí ìyá mi, mo ń bínú sí ẹni tó tẹ ìlú dó sírú ibi báyìí.

Nígbà tí mo dé téńté, tí mo rí i pé ọ̀nà ti yí sísàlẹ̀, inú mi dùn bí ọmọdé. Mo jẹ́ kó máa lọ. Afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ̀wù mi, ó fẹ́ ẹ bí àpò. Ìgbà tí mo rí kọ́nà níwájú, mo ṣe ohun tí mo ti ń ṣe láti kékeré: mo na ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn, mo tẹ táyà. Kẹ̀kẹ́ kò gbọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ lágbára, mo gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jó. Táyà já bàtà náà gbà lẹ́sẹ̀ mi, ó sì họ àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Kọ́nà ti dé. Mo rí omi adágún tó ń dán nísàlẹ̀ láàárín igi. Ẹ̀rù ló fún ìka mi pọ̀ mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti bá irin bíréèkì pàdé. Kẹ̀kẹ́ ké, ó yà síhìn-ín, ó yà sọ́hùn-ún, ó dúró létí gọ́tà.

Mo jókòó sílẹ̀. Ìyá mi ti júwe kọ́nà yìí fún wa nílé lọ́jọ́ tó di ẹrù rẹ̀, adágún rẹ̀ àti gọ́tà rẹ̀. Bàbá mi wà ní yàrá lọ́jọ́ náà, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, gbogbo wa ló rò pé kò gbọ́. Mo sunkún níbẹ̀, mi ò ní purọ́.

Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà níwájú ilé nígbà tí mo dé. Mo dọ̀bálẹ̀. Kó tó dáhùn, ó ti rí ẹsẹ̀ ọ̀tún mi tí kò ní bàtà, tó ti bó. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹsẹ̀ lo fi dúró. Bàbá ẹ náà ló tún ní kó o gba orí òkè yìí láìní bíréèkì, àbí?"

N kò tíì rí ẹnu sọ̀rọ̀ tó ti dìde lọ sídìí kẹ̀kẹ́ tí mo fi ti ògiri. Ó dúró. Ó fọwọ́ kan bíréèkì iwájú, ó tẹ̀ba, ó fọwọ́ kan ti ẹ̀yìn.

"Ta ló fi èyí sí i?"

"Bàbá ni, mà."

"Ìwọ lo bẹ̀ ẹ́?"

"Rárá, mà. Mo tiẹ̀ ní mi ò fẹ́."

"Kí ló ní kó o sọ fún mi?"

"Wọ́n kàn ní kí n kí yín."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì fi etí ìró nu ojú. Ó pe àbúrò rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ jáde pẹ̀lú ọ̀pá, ó ń fa ẹsẹ̀ kan. "Wá wò ó," ni ìyá mi wí. "Ìwọ lọ̀rọ̀ yìí dùn jù. Ohun tó o bá sọ ni màá ṣe."

Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ fún mi mú. Ó ti kẹ̀kẹ́ náà síwájú, ó fún bíréèkì, kẹ̀kẹ́ dúró. Ó tún ti í, ó tún fún un. Ó ń ṣe é léraléra. Mo ń rìn yí àgbàlá ká títí ìyá mi fi ní kí n jókòó, mo sì jókòó, n kò dìde títí ó fi parí. Ó fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ó gba ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lọ fa ọmọ yín fọ́kọ," ló wí. "Ẹ ní mo kí bàbá àwọn ọmọ."

Orí ọkọ̀ ni kẹ̀kẹ́ gbà padà, ìyá mi kò jẹ́ kí n tún gùn ún sọ̀ kalẹ̀. Bí a bá ti dé kọ́nà, èmi àti òun á jọ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ gidigidi.

Nígbà tí a dé Olówógbowó, bàbá mi wà lábẹ́ àtíbàbà pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ oníbúrẹ́dì kan. Ó rí ìyá mi, ó dìde, ọwọ́ rẹ̀ kún fún gírísì. Ó fi àkísà nù ún. Gbogbo ilé ti yọjú lójú fèrèsé.

"Ṣé bíréèkì yẹn mú?" ló bi í.

"Ó mú," ni ìyá mi wí. Ó ní kó yẹ̀ lọ́nà fún òun, kí òun lọ wo ìyàwó.