Làálì Ọwọ́ Kan

Ọwọ́ ni Kúlúsúmù fi ń dá èèyàn mọ̀. Ummu-Kulthum ni wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, àmọ́ Kúlúsúmù ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó lè gbàgbé ojú ìyàwó tó lé làálì fún, ṣùgbọ́n kì í gbàgbé ọwọ́ rẹ̀: bó ṣe fẹ̀ tó, èwo nínú àwọn ìka rẹ̀ ló wọ́, ibo ni àpá wà. Yàrá kékeré tó kọjú sí títì níwájú ilé wọn ní Basin ló ti ń ṣiṣẹ́. Gàní ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ilé náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọkùnrin náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú yàrá yìí, ó ní, "Kúlúsúmù, ibí ti di tìẹ. Bí mi ò bá sí mọ́, kò gbọdọ̀ wọnú ogún."

Ẹnì kan péré ló tún gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Fìrdáúsì ni, ọ̀rẹ́ Kúlúsúmù láti ilé kéú, tó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, tó ń dúró kí làálì rẹ̀ gbẹ. Ó ti pẹ́ tí Fìrdáúsì ti kúrò nílé ọkọ àkọ́kọ́, ó ń dá gbé ní Ṣàngó. Làálì kì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, lọ́fínńdà rẹ̀ a sì máa ṣáájú rẹ̀ wọlé. Gàní a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìyá olóòórùn dídùn, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún àwa tálíkà."

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa Gàní. Ó jáde láàárọ̀, wọ́n gbé e wálé lọ́sàn-án. Kúlúsúmù wọ takába, ìyẹn oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí opó fi ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ. Kò gbọdọ̀ lé làálì, kò gbọdọ̀ lé tìróò, kò gbọdọ̀ fín lọ́fínńdà, kò sì gbọdọ̀ sùn síta. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá iwájú.

Níbi ìsìnkú, Fìrdáúsì sunkún títí wọ́n fi bu omi sí i lójú. Nígbà tó tún padà wá, Kúlúsúmù rí i pé ó ti fọ tìróò ojú rẹ̀, kò sì fín nǹkan kan sára. Bí ọjọ́ ti ń lọ, làálì ọwọ́ rẹ̀ ṣí, kò sì lé òmíràn.

"Fìrdáúsì, ọwọ́ ẹ ńkọ́?"

"Ọwọ́ wo? Kí o wà nínú ọ̀fọ̀, kí èmi máa ṣe fáàrí kiri ìgboro? Ta ló tiẹ̀ máa lé e fún mi? Ṣé àwọn tó ń yà á bí ẹsẹ̀ adìyẹ yẹn?"

Kúlúsúmù rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ikú. Ó sọ fún gbogbo ẹni tó wá kí i pé, "Ẹ wo ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi. Nítorí mi ni." Ohun kan ṣoṣo tí kò yé e ni pé Fìrdáúsì kì í dúró mọ́ kí ilẹ̀ ṣú. Ẹni tó máa ń sùn síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á gbé báàgì rẹ̀ kí wọ́n tó pe Mágríbì. Ó ní olè ti pọ̀ jù ní Ṣàngó.

Ní oṣù kẹta, Àfáà Abdulhaleem, ẹ̀gbọ́n Gàní, wá. Ó mu omi tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó, Gàní fẹ́ ẹlòmíràn. Èmi ni mo so yìgì wọn."

"Ta ni, Àfáà?"

"Obìnrin náà bẹ̀ mí kí n má dárúkọ òun títí takába á fi parí, nítorí ìjà. Òun náà wà nínú takába. Lọ́jọ́ tí ẹ bá jáde, ẹ̀yin méjèèjì á jókòó síwájú ẹbí, a ó sì pín ogún."

Yàrá iwájú nìkan ni ọkàn Kúlúsúmù rí dì mú. "Yàrá yẹn ò sí nínú ogún, Àfáà. Gàní ti fún mi. Fìrdáúsì wà níbẹ̀."

Àfáà wò ó pẹ́. "Fìrdáúsì?"

"Ẹ bi í."

"A ó bi í," ni Àfáà wí. Ó dìde láì wo ojú rẹ̀ mọ́. Ìyẹn náà kò yé e.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ fún. Fìrdáúsì gbá àyà mú. "Gàní? Gàní yìí náà?" Kúlúsúmù bẹ̀ ẹ́ kó bá òun wádìí, nítorí òun ò fẹ́ máa káàkiri nínú takába. Kò pẹ́ tó fi mú orúkọ dé: Hadiza, télọ̀ tó ń rán aṣọ Gàní ní Challenge.

Láti ìgbà náà, Hadiza ni Kúlúsúmù ń bá jà lọ́kàn. Ó ń rántí gbogbo ìgbà tí Gàní ní òun ń lọ gba aṣọ. Ó gégùn-ún fún un lórí ẹní ìkírun. Ṣùgbọ́n nígbà tí Hadiza wá kí i, làálì tuntun wà lọ́wọ́ obìnrin náà dé ọrùn-ọwọ́. Orí Kúlúsúmù dàrú.

"Fìrdáúsì, opó wo ló ń lé làálì?"

"Èyí tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run. Ṣé o rò pé gbogbo wọn ló ń ṣe takába bíi tìẹ ni?"

Kúlúsúmù gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́, nítorí ẹni tó sọ ọ́.

Ọjọ́ ìjáde pé. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tuntun, ó ṣí yàrá iwájú. Fìrdáúsì ló kọ́kọ́ wọlé. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí Gàní jókòó sí, ó na ọwọ́ síwájú.

"Yà á fún mi kí àwọn ẹbí tó dé. Èyí tó dáa jù ni o."

"O máa jẹ́rìí lónìí, àbí?"

"Yà á ná."

Ó ya òdòdó sí ọwọ́ òsì títí dé ọrùn-ọwọ́. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọn. Ó wá gbé ọwọ́ ọ̀tún sórí itan, ó yí i wò. Èékánná rẹ̀ mọ́. Làálì èékánná kì í tètè ṣí. Ó máa ń dúró títí èékánná á fi hù jáde. Kò sí àmì pupa kankan ní ṣóńṣó wọn. Ọwọ́ Kúlúsúmù fúnra rẹ̀ rí bákan náà. Ó gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ó rántí ọwọ́ Hadiza. Ó rántí báàgì tí Fìrdáúsì ń gbé kí Mágríbì tó dé.

"Fìrdáúsì, ìgbà wo ni takába tìẹ parí?"

Fìrdáúsì kò fa ọwọ́ rẹ̀ padà. "Ọjọ́ kan náà pẹ̀lú tìẹ."

Ọkọ̀ kan fọn fèrè kọjá ní títì.

"Yàrá yìí ńkọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Ohun tí mo ti sọ fún Àfáà nìyẹn. Kúlúsúmù, èmi náà ń wá ibi tí mo máa forí pa mọ́ sí."

Kúlúsúmù sọ ọwọ́ ọ̀tún náà kalẹ̀. Ó fi ọ̀rá bo abọ́ làálì.

"Parí ẹ̀, jọ̀ọ́. Wọ́n ti ń dé."

"Mi ò mọ ọwọ́ yìí."

Níwájú ẹbí, Fìrdáúsì tọ́jú ọwọ́ ọ̀tún sábẹ́ híjáàbù, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún náà ló ní láti gbé sókè láti búra. Gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ wò ó. Ó búra pé òun kò gbọ́ nǹkan kan. Yàrá náà wọnú ogún, Fìrdáúsì ló sì kàn.

Ìyá ọkọ wọn di Kúlúsúmù lápá mú. "Forí jì í. Aláforíjì ni Ọlọ́run."

"Ọlọ́run ni, Màmá. Kì í ṣe èmi."

Ó gbé abọ́ rẹ̀ jáde. Abẹ́ igi tó wà ní òdìkejì títì ló ti ń lé làálì báyìí, ó sì máa ń rí Fìrdáúsì tó ń wọlé, tó ń jáde, pẹ̀lú lọ́fínńdà rẹ̀. Kò kí i mọ́ láti ọjọ́ náà. Ohun kan ṣì wà tí kò yé e: omijé Fìrdáúsì níbi ìsìnkú, èyí tí wọ́n fi bu omi sí i lójú. Kò mọ̀ bóyá ìkankan nínú rẹ̀ jẹ́ nítorí òun rárá.